Àpótí Abẹ́ Aṣọ

Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ náà ṣì wà lọ́fun Olóyè nígbà tí iná lọ. Ẹ̀rọ ńlá tó wà lórí tábìlì kùn lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ti gun rọ́bà náà dé ìdajì dúró síbẹ̀, ó wá ń ṣàn padà sọ́dọ̀ ọmọ díẹ̀díẹ̀.

Onídìrí, ìyá ọmọ náà, fa rọ́bà náà jáde kíá. Kò bínú sí iná. Ta ló ń ráyè bínú sí iná? Iná á lọ, iná á dé, ìdí tí wọ́n sì fi ní ẹ̀rọ kékeré nìyẹn. "Olóyè mi, ẹ fún wa láàyè díẹ̀," ó wí, "ẹrú yín ń lọ gbé èkejì wá. Ẹ má ní kí wọ́n bẹ́ wa lórí o."

Olóyè ò jẹ oyè kankan. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló há láti inú oyún wá, tí èémí ò rí ibi gbà. Dókítà ló dá ihò kékeré sí i lọ́rùn, ó ki rọ́bà kúkúrú kan bọ̀ ọ́, ibẹ̀ lọmọ ń gbà mí. Nítorí rọ́bà yẹn, ohùn kì í jáde lẹ́nu rẹ̀. Tó bá ń sunkún, omijé nìkan lẹ ó rí. Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kan ṣoṣo ju ẹnu ogún èèyàn lọ: ó nà án sí omi, omi gbọ́dọ̀ dé, ó nà án sí ilẹ̀kùn, ẹ gbọ́dọ̀ gbé e jáde. Tí àlejò bá wọlé tí kò kí i, á wò ó bí ẹni pé wọ́n fi oyè rẹ̀ dù ú. Bó ṣe gba orúkọ nìyẹn.

Ohun tó le nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kì í yéé kóra jọ sínú rọ́bà ọrùn náà. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ fà á, ọmọ á mí, á tún máa pàṣẹ lọ. Bí wọn ò bá fà á, rọ́bà á dí, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí èémí lè gbà wọlé. Ẹ̀rọ ńlá ń lo iná. Ẹ̀rọ kékeré ń lo bátìrì. Jẹnẹrétọ̀ ni wọn ò gbọ́dọ̀ tàn, nítorí nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé èéfín ò gbọ́dọ̀ dé ibi tọ́mọ yẹn bá wà.

Ẹ̀rọ kékeré ní àyè tirẹ̀ lórí pẹpẹ tó wà nídìí ibùsùn. Bàbá ọmọ ló kan pẹpẹ náà. Káfíńtà ni, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ gan-an. Òun ló kan ibùsùn tó ga lápá orí kí ọmọ lè mí dáadáa, òun náà ló kan àga kékeré tí Onídìrí ń jókòó lé tó bá ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di ká ki rọ́bà bọ ọmọ lọ́fun, ìgbà yẹn ni Káfíńtà á rántí pé òun gbàgbé nǹkan síta. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló gbà pé tòun ni: ní ìrọ̀lẹ́ á gbé ẹ̀rọ kékeré lọ sí pálọ̀, á fi í gba iná, tó bá di àárọ̀ á dá a padà sórí pẹpẹ, á sì fi aṣọ mímọ́ bò ó kí eruku má baà wọ̀ ọ́.

Onídìrí ká aṣọ yẹn. Àpótí pákó ló bá níbẹ̀.

Ó kọ́kọ́ rò pé ojú òun ni. Ó fọwọ́ kàn án. Àpótí tuntun ni, òórùn pákó ṣì wà lára rẹ̀, ó ga bí ẹ̀rọ náà ṣe ga, ó fẹ̀ bó ṣe fẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ti fá igun rẹ̀ dán kí aṣọ lè jókòó lé e dáadáa. Ẹ gbà mí o! Èèyàn jókòó, ó wọn ẹ̀rọ tọ́mọ rẹ̀ fi ń mí, ó rẹ́ pákó, ó kàn án, ó fá a, ó wá fi aṣọ bò ó!

Lẹ́yìn rẹ̀, àyà ọmọ ti ń dún hùrùhùrù. Ẹ̀rọ tí wọ́n há mọ́ ọn níka, èyí tó ń ka bí èémí ṣe ń wọlé sí i, bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Onídìrí ju aṣọ náà nù. Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó mú síríńjì ńlá, ó fi ìdí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ẹnu síríńjì náà. Ọjọ́ tí wọ́n ń kúrò ní ọsibítù ni nọ́ọ̀sì ti fi hàn án, ó ní, "Èyí wà fún ọjọ́ tí gbogbo nǹkan bá kọ̀."

Ó ki rọ́bà bọ̀ ọ́, ó fa ìdí síríńjì. Kò sóhun tó jáde. Ó tún fà á. Ètè Olóyè ti ń ṣú. Ojú rẹ̀ là kalẹ̀, ìka tó fi ń pàṣẹ rọ̀ mọ́ aṣọ ìyá rẹ̀. "Má ṣe é o, ọkọ mi, má ṣe é," Onídìrí ń wí, kò mọ̀ bóyá ọmọ ló ń bá sọ̀rọ̀ tàbí Ọlọ́run. Ìgbà tó fà á lẹ́ẹ̀kẹta ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ líle kan jáde, èémí sì wọlé sọ́mọ lára fííì. Ó ń fà á, ó ń sinmi, ó ń fà á, títí ètè ọmọ fi padà sí àwọ̀ rẹ̀, tí ẹ̀rọ ìka náà dákẹ́.

Ó gbé ọmọ sáyà, ó jókòó sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni inú ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bí i. Ẹ ò tíì rí ìbínú rí. Ó mú fóònù, ó pe ọkọ rẹ̀.

"Ìyá Olóyè, ṣé kò sí o?" Orí òrùlé ẹnì kan ni Káfíńtà wà, ìró òòlù rẹ̀ ń dún kó kó kó.

"Níbo lo gbé ẹ̀rọ ọmọ lọ?"

Látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ" ló máa ń lò fún un. Ìró òòlù dúró.

"Ṣé… ṣé iná lọ ni?"

"Mo ní níbo lo gbé e lọ!"

"Ẹ̀gbọ́n ló yá a. Ọjọ́ díẹ̀ ni o, ìjẹta ló gbé e. Bàbá Alága ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé láti ọsibítù, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ò jẹ́ kí bàbá náà gbádùn. Ẹ̀gbọ́n ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé méjì la ní, tí ọ̀kan kàn jókòó lábẹ́ aṣọ…"

"Lo bá kan àpótí."

"Mi ò fẹ́ kí ọkàn rẹ dàrú ni."

"Ọmọ rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ báyìí," Onídìrí wí. "Ọkàn mi ò dàrú o. Má ṣèyọnu." Ó pa fóònù.

Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń sọ yìí ló tọ́ Káfíńtà dàgbà lẹ́yìn tí òbí wọn kú, òun ló sì kọ́ ọ níṣẹ́. Tí Ẹ̀gbọ́n bá ní kí Káfíńtà jókòó, kó tó sọ ọ́ tán, onítọ̀hún ti wà nílẹ̀. Pákó ni Ẹ̀gbọ́n ń tà, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wá ipò igbákejì Alága nínú ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò pákó. Gbogbo mọ̀lẹ́bí ló mọ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti jọ jẹun tí kò ní mẹ́nu bà á.

Onídìrí fi aṣọ gbá ọmọ mọ́ àyà, ó ti síríńjì àti rọ́bà mímọ́ bọ inú báàgì, ó gbé àpótí pákó sábẹ́ apá, ó jáde. Ìparí àdúgbò ni ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n wà, kò jìnnà. Àwọn tó rí i lọ́nà kí i, kò dáhùn, wọ́n sì mọ̀ pé kì í ṣe ìgbéraga.

Oníbàárà méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan jẹ́ bàbá arúgbó tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀gbọ́n ń sọ̀rọ̀ kan fún wọn, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa!" Ẹ̀gbọ́n wí. "Olóyè fúnra wọn ló wá kí wa lónìí! Ẹ bá mi sún àga…"

Onídìrí ò kúnlẹ̀. Ó gbé àpótí náà ka orí tábìlì níwájú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tan eléyìí. Mo fẹ́ fi fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fọ́mọ."

Ẹ̀gbọ́n wo àpótí, ó wo obìnrin náà. "Pákó mà nìyí."

"Ẹ ṣeun. Mo ti ń rò pé ojú mi ló fọ́."

"Ìyàwó, ṣé bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ nìyẹn? Níwájú oníbàárà? Jẹ́ ká bọ́ sí kọ̀rọ̀."

"Èmi ò bọ́ sí kọ̀rọ̀ kankan. Kọ̀rọ̀ lẹ gbà gbé ẹ̀rọ ọmọ mi lọ. Iná lọ, mo ká aṣọ, pákó ni mo bá. Ọmọ yìí ṣú mọ́ mi lọ́wọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ó ṣú!"

"Áà. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ó ṣáà ti wá dáa báyìí." Ẹ̀gbọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni tó ń pẹ̀tù síjà àwọn ẹlòmíì. "Ṣùgbọ́n jẹ́ ká sọ òótọ́. Èèyàn tó ní méjì, tí ẹnì kejì ò ní ẹyọ kan, ṣé kò yẹ kó ran ẹni yẹn lọ́wọ́ ni? Ẹ̀rọ tó kàn jókòó!"

"Ẹ̀gbọ́n, ihò imú yín mélòó?"

"Kí lo wí?"

"Méjì ni. Mò ń wò ó láti ibi tí mo dúró sí. Ẹ yá Alága ní ọ̀kan."

Oníbàárà kejì bú sẹ́rìn-ín, ó yára sọ ọ́ di ikọ́. Ẹ̀gbọ́n dìde. Nílé wọn, tí Ẹ̀gbọ́n bá ti dìde báyẹn, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn, kálukú á máa wojú ilẹ̀. Onídìrí ò wojú ilẹ̀.

"Èmi tí mo tọ́ ọkọ rẹ, èmi lo wá ń ka ihò imú mi?" Ẹ̀gbọ́n wí. "O ò tiẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ilé ni!"

"Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ mi nílé ni pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin wà lọ́jà, Ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ yín lẹ fi wọ́ ọ!"

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni àyà Olóyè tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Onídìrí ò wá ibi kankan lọ. Ó jókòó sórí ìtì pákó kan níbẹ̀, ó tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀, ó mú síríńjì jáde. Ó ki rọ́bà bọ̀ ọ́, ó fà á. Ara ọmọ fò sókè, ẹnu rẹ̀ là gbàù, omijé ń ṣàn, igbe ò jáde. Kò sí ohun tó burú tó kéèyàn máa wo igbe tí kò dún. Oníbàárà tó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan jáde síta. Ẹ̀gbọ́n kọjú sí ògiri, ó ń wo pákó tó ti ń wò láti ọdún yìí wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ yíjú síbí," Onídìrí wí. Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró. "Ohun tẹ́ ẹ ní ó kàn jókòó, iṣẹ́ tó ń ṣe nìyí."

Kò yíjú. Bàbá arúgbó tó wà lórí bẹ́ǹṣì ló fọhùn, kò sì pariwo. "Ọ̀gbẹ́ni, lọ gbé ẹ̀rọ ọmọ fọ́mọ."

Ẹ̀gbọ́n mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Wọ́n fi àpótí pákó sílẹ̀ lórí tábìlì.

Nínú ọkọ̀, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó di "ìyàwó mi àtàtà." Ó di "ìwọ tó o máa ń gbọ́ tèmi." Ó ní, "Tá a bá débẹ̀, dúró sínú ọkọ̀, màá wọlé lọ gbé e. Ilé Alága ni, ó ní bí wọ́n ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí."

"Màá wọlé."

"Oòrùn á mú ọmọ."

"Inú ilé ò sí oòrùn. Ìdí tí màá fi wọlé nìyẹn."

Òógùn ń ṣàn lójú Ẹ̀gbọ́n bí ẹni tó ń la igi. Onídìrí rò pé ìtìjú ni, ó sì dùn mọ́ ọn. Láyà rẹ̀, Olóyè tí ara rẹ̀ ti bàlẹ̀ na ìka sí kọ́kọ́rọ́ tó ń mì lábẹ́ ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n. Ó fẹ́ràn kọ́kọ́rọ́ yẹn. Tí Ẹ̀gbọ́n bá wá sílé, òun ni wọ́n jọ fi máa ń ṣeré. Ẹ̀gbọ́n rí ìka náà, ó yára wo iwájú.

Nílé Alága, ọmọ bàbá tó ń ṣàìsàn náà ló ṣílẹ̀kùn fún wọn, obìnrin kan tí àìsùn hàn lójú rẹ̀, tó ká aṣọ dé ìgbúnwọ́. Àbúrò Alága ni, òun ló ń tọ́jú bàbá wọn. Ó kí Ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó wá wo Onídìrí.

"Ìyàwó àbúrò mi ni," Ẹ̀gbọ́n wí. Ó fẹ́ sọ nǹkan mìíràn, ó ti pẹ́.

Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ Onídìrí mú. "Áà! Ìyá ọmọ yẹn nìyí? Ẹ kú ìrọ́jú o, ẹ kú àmúmọ́ra. Mo ti ń sọ pé n ó wá kí yín, bàbá ni ò jẹ́ kí n kúrò nílé. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí irú ẹ̀ mọ́." Ó rí ọmọ tí wọ́n gbá mọ́ àyà, ojú rẹ̀ rọ̀. "Àbúrò rẹ̀ nìyí? Èyí á bá yín kalẹ́ lágbára Ọlọ́run."

Onídìrí dúró. "Omi wo ló dànù?"

"Ẹ̀n?"

"Mo ní omi wo. Àbúrò ta ni?"

"Àbúrò… ti ẹni tó ń lo ẹ̀rọ yẹn tẹ́lẹ̀." Obìnrin náà wo Ẹ̀gbọ́n. "Ṣebí ẹ ní…"

Ìgbà yẹn ni Olóyè yí ọrùn láti wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Obìnrin náà rí rọ́bà tó wà níbẹ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Mo kọ̀ ọ́," ó wí. Kì í ṣe ohùn ẹ̀bẹ̀, ohùn ẹni tí wọ́n yàn jẹ ni. "Ẹ jẹ́rìí ara yín, mo kọ̀ ọ́! Mo ní ẹ̀rọ ta ni, ẹ ní tọmọ àbúrò yín. Mo ní a kì í gba nǹkan lẹ́nu ọmọdé fún arúgbó, bàbá mi gan-an ò ní gbà. Lẹ bá ní ọmọ náà ti kú. Ẹ ní ó ti tó oṣù kan. Ẹ mi orí bẹ́ẹ̀ níwájú mi!"

"Kì í ṣe bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn," Ẹ̀gbọ́n wí.

"Báwo lẹ ṣe sọ ọ́?" Onídìrí béèrè.

"Ẹnu ló ṣèèṣì. Kò sí ibi lọ́kàn mi. Wọn ì bá má gbà á ni, ìyàwó, Alága á sì rò pé…"

"Alága á rò pé kí ni?"

Onídìrí rò pé òun máa pariwo. Láti ilé ni ariwo náà ti wà lọ́fun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn tó jáde kéré, ó sì le.

"Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, orí ẹsẹ̀ yín lọmọ yìí jókòó sí. Tó bá gbọ́ ìró ọkọ̀ yín, á na ìka sílẹ̀kùn kí n gbé òun jáde wá pàdé yín. Ẹ dìde níbẹ̀, ẹ wá síbí, ẹ sin ín. Ẹ ò tilẹ̀ mára dúró kó kú kẹ́ ẹ tó pín ogún rẹ̀. Ẹni tó ń wá ipò a máa fi ẹnu dídùn wá a, a máa fi owó wá a. Òkú ọmọ mi lẹ̀yin fi wá a, Ẹ̀gbọ́n. Ọmọ tó ń na ìka sí yín yìí."

Òótọ́ ni, Olóyè ń na ìka. Kọ́kọ́rọ́ ló fẹ́.

Obìnrin náà ti wọlé lọ. Onídìrí tẹ̀ lé e. Nínú yàrá, bàbá àgbà kan sùn lé ìrọ̀rí gíga, kò lè sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ nìkan ló ń yí. Ẹ̀rọ kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti ń tú rọ́bà rẹ̀, omijé ń kán sí i lọ́wọ́.

"Ẹ máa gbé e lọ, ìyá ọmọ. Dókítà ti ní ká dá bàbá padà sí ọsibítù bí a ò bá ní ẹ̀rọ. Alága ló kọ̀, ó ní kí wọ́n má sọ pé òun ò lágbára àtitọ́jú bàbá òun nílé. A ń lọ báyìí. N ó pe ọkọ̀."

Onídìrí gbọ́ ohun tó ń dún láyà bàbá náà. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ ohùn yẹn tí kò ní mọ̀ ọ́n tó bá ti gbé pẹ̀lú rẹ̀. Inú ń bí i sí gbogbo ilé náà, àti àga wọn àti kọ́tìnnì wọn, ṣùgbọ́n bàbá yìí ò pa irọ́ kankan.

"Ẹ kọ́kọ́ fa tiwọn ná," ó wí. "Ẹ dá rọ́bà yẹn padà. Màá dúró títí ọkọ̀ á fi dé."

Ó dúró lóòótọ́. Ó fi bí wọ́n ṣe ń yí orí aláìsàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan han obìnrin náà, kó má baà máa gún un lọ́fun. Nígbà tí wọ́n ti gbé bàbá sọ́kọ̀, ó gbá ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ra, ó fẹsẹ̀ rìn kọjá lára ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n, ó wọ takisí lọ sílé. Iná ti dé nígbà tó délé. Ó fi ẹ̀rọ ńlá fa ti ọmọ, lẹ́yìn náà ló se omi gbígbóná, ó fọ ẹ̀rọ kékeré láti orí dé ìdí, ó pààrọ̀ gbogbo rọ́bà rẹ̀. Ó ń fọ̀ ọ́ bí ẹni tó ń fọ èébú.

Káfíńtà dé ní ìrọ̀lẹ́. Ẹnu ọ̀nà ló ti dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ ń dí ọ̀nà," Onídìrí wí. "Ẹ" ti padà sẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tutù ju omi àmù lọ.

"Mo ṣẹ̀ ọ́. Mo mọ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé rárá ni. N ò sọ ọ́ fún un rí láyé mi." Ó jókòó sí etí ibùsùn. "Wọ́n pè mí. Inú ń bí wọn. Wọ́n ní o fojú wọn gbolẹ̀ níwájú oníbàárà. Wọ́n ní kí n mú ọ wá lọ́la kí o wá kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n."

"Ṣé wọ́n sọ ohun tí mo gbọ́ nílé Alága fún yín?"

Káfíńtà ń fi èékánná yọ ẹ̀ẹ́rún pákó lára ṣòkòtò.

Onídìrí wò ó, ó wò ó, ó wá yé e. Ó jókòó. "Ẹ mọ̀."

"Ìyá Olóyè…"

"Ẹ mọ̀ pé wọ́n ní ọmọ ti kú."

"Ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ ni wọ́n pè mí. Wọ́n ní obìnrin yẹn ń kọ̀ ọ́, pé ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù nìyẹn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni." Ohùn rẹ̀ ti ń já. "Mo ní kó má rí bẹ́ẹ̀ o. Mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

"Ẹ sọ ọ́ fún wọn?"

"Lọ́kàn mi ni."

"Lọ́kàn yín." Onídìrí pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Ẹ ṣe é, Bàbá Olóyè. Ọkàn yín mà kún o! Ibẹ̀ lẹ ti ń ṣe bàbá láti ọjọ́ yìí wá. Àyà mi ló ń já, ẹ̀yin lẹ ń kàn pẹpẹ. Ẹni tó bá ti ki rọ́bà bọ ọmọ yìí lọ́fun lẹ́ẹ̀kan péré, tó ti rí ojú rẹ̀, ta ni yóò wá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ fún? Wọn ì báà fi ìbọn sí i lórí!"

Káfíńtà ń sunkún. Lórí ibùsùn, àyà ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún hùrùhùrù. Káfíńtà dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ọ̀nà ìta fúnra rẹ̀.

"Ẹ lọ fọ ọwọ́ yín," Onídìrí wí.

"Ẹ̀n?"

"Ẹ fọ ọ́ dé ìgbúnwọ́. Ọṣẹ wà níbẹ̀."

"N ò lè ṣe é. Ìyá Olóyè, o mọ̀ pé n ò lè ṣe é. Bó bá kú mọ́ mi lọ́wọ́ ńkọ́?"

"Ó ti kú lẹ́nu ẹ̀gbọ́n yín, ẹ gbọ́, ẹ sì dákẹ́. Ẹ wá fi ọwọ́ ara yín mú un mí."

Onídìrí ò dìde. Ó ká ọwọ́ pọ̀ lórí ẹsẹ̀, ó ń wò ó. Ẹ má rò pé ó rọrùn fún un. Olójú kì í la ojú rẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ wọ̀ ọ́, gbogbo ara rẹ̀ ló sì ń fà á kó fò dìde. Ó jókòó.

Káfíńtà fọ ọwọ́. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ya kejì kó tó rí i wọ̀. Ó jókòó lórí àga tó kàn, tí kò jókòó lé rí. "Ẹ tan ẹ̀rọ," Onídìrí wí. "Ẹ má fi àtàǹpàkò dí ihò ẹ̀gbẹ́ rọ́bà tẹ́ ẹ bá ń kì í bọ̀ ọ́. Ó tó. Ẹ má tì í mọ́. Ẹ wá dí i báyìí, kẹ́ ẹ máa yí i jáde." Olóyè fò sókè, ó la ẹnu, ó wo bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ìyàlẹ́nu, bí ẹni tí ẹrú mìíràn wá jíṣẹ́ fún. Káfíńtà ń sọ pé, "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, bàbá mi, má bínú," òógùn àti omijé dàpọ̀ mọ́ ọn lójú. Fóònù ń dún lápò rẹ̀. Kò sí ọwọ́ tó máa fi mú un. Ó dún títí, ó dákẹ́.

Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Àyà ọmọ mọ́. Káfíńtà jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà lọ́wọ́, ó ń wo bí àyà náà ṣe ń lọ sókè sódò.

"Lọ́la," Onídìrí wí, "mò ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń dìrí. Láti ọjọ́ tí mo ti bí ọmọ yìí ló ti wà ní títì. Ẹ̀yin lẹ ó wà lọ́dọ̀ ọmọ. Lọ́túnla, ẹ̀yin ẹ lọ síbi iṣẹ́ tiyín. Bá a ó ṣe máa ṣe é nìyẹn. N kò ní kẹ́ ẹ bẹ̀ mí, inú mi ò sì tíì rọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n ní ká wá lọ́la o."

Fóònù tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Káfíńtà bọ́ ìbọ̀wọ́, ó mú un jáde, ó wo orúkọ tó wà lójú rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀. Onídìrí ò ràn án lọ́wọ́. Káfíńtà gbé e sétí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà… Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà níbí… Rárá, Ẹ̀gbọ́n. A ò ní lè wá." Ohùn Ẹ̀gbọ́n ròkè nínú fóònù, Onídìrí gbọ́ ọ láti ibi tó wà. Káfíńtà gbé e jìnnà sétí díẹ̀, ó dúró títí Ẹ̀gbọ́n fi mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pe àbúrò Alága, ẹ pe Alága náà, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé ọmọ mi ò kú… Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ wí. Ọmọ mi ò kú." Ẹ̀gbọ́n ò tíì gbọ́, tàbí ó gbọ́. Káfíńtà tún un sọ, ó sì sọ ọ́ sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Onídìrí dìde, ó lọ wá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.